Àáró ni Àbẹ̀wò, Kì í Ṣe Ọ̀wẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò jìnnà sí ohun tí a máa ń jíròrò ní ìpàdé wa lọ́dọọdún. Kí ni í mú ènìyàn dìde nílé ara rẹ̀ lọ bá ìlú mìíràn ṣe ọdún? Kí ni í mú un ti ìlú kan dé èkejì, ti èkejì dé ẹ̀kẹta, títí àbẹ̀wò yóò fi di àṣà tí ọmọ bá lọ́wọ́ baba?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá wa jókòó níbi ìpalẹ̀mọ́ ọdún ìlú mọ ìdí tí mo fi béèrè. A ó kọ ìwé ìpè, a ó fi ránṣẹ́ sí ààfin, sí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó yí wa ká, sí ọ́fíìsì mẹ́rì. Ọjọ́ ọdún á pé. Àlejò mélòó kan á dé, wọ́n á jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni, wọ́n á jẹun. Kí oòrùn tó yí, àga wọn ti ṣófo. Bí a bá wá pàdé lẹ́yìn ọdún, ìmọ̀ràn tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé kí a fi kún oúnjẹ, kí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọdún tí ń bọ̀ dára ju ti èṣí lọ, kí a pe onílù tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ṣùgbọ́n ní èrò tèmi, kò kan ibi tí egbò wà.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá ilé ló fẹ́ kọ́ tàbí oko àna rẹ̀ ló fẹ́ ro, yóò bẹ ọ̀rẹ́ àti ẹbí lọ́wẹ̀. Wọn yóò pọ̀ wá, wọn yóò ṣe é lọ́jọ́ kan, òun náà yóò se oúnjẹ, yóò sì gbé ẹmu kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó ti parí. Èkejì ni àáró. Àwọn ènìyàn díẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba yóò fi ohùn ṣọ̀kan: oko tìrẹ lónìí, oko tèmi lọ́la, oko ẹnìkẹta lọ́tùn-únla, títí yóò fi kárí. Nínú àáró, oúnjẹ kì í ṣe owó iṣẹ́. Iṣẹ́ ni owó iṣẹ́. Ẹni tí ó bá wá sí oko rẹ lónìí kò béèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò, nítorí ó mọ ọjọ́ tí ìwọ yóò wá sí tirẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: àbẹ̀wò láàárín ìlú àti ìlú, láàárín ààfin àti ààfin, àáró ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwa ni a sọ ọ́ di ọ̀wẹ̀. A ń pe ènìyàn, a ń bọ́ wọn, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì jókòó sílé títí di ọdún tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ń béèrè ìdí tí wọn kò fi wá mọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó bá ń na ara rẹ̀ sínú omi, kò tíì wẹ̀.

Èmi kò sọ pé oúnjẹ, aṣọ àti ẹ̀bùn kò ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń fa ẹsẹ̀. Ìran náà ń fa ẹsẹ̀: ẹni tí kò tíì rí bí àdúgbò mìíràn ṣe ń kí ọba wọn yóò fẹ́ lọ wò ó. Òwò ń fa ẹsẹ̀, ìfẹ́ láti wá aya tàbí ọkọ ń fà á, ìfẹ́ láti gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ilé ẹni níwájú èrò náà ń fà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí lè mú ènìyàn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí í mú un padà wá ni pé ó jẹ wá ní ìbẹ̀wò kan, tàbí pé àwa jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Gèlèdé, tí ó jẹ́ ti wa tààrà. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀, ní 2008 sì ni wọ́n fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ènìyàn, lábẹ́ orúkọ ilẹ̀ mẹ́ta pa pọ̀: Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwọn àgbà ní ojú tí ó bá ti rí Gèlèdé ti dé òpin ìran. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹni tí Gèlèdé wà ní ìlú rẹ̀ ń wá lọ sí òru Ẹ̀fẹ̀ ní ìlú mìíràn? Ó ti rí òpin ìran nílé. Ó ń lọ nítorí pé ẹnu Ẹ̀fẹ̀ ibòmíràn kò rí bí ti tiwọn, ọ̀nà ìgbẹ́gi yàtọ̀, ìlù yàtọ̀, ẹni tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ sì yàtọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń lọ nítorí pé àwọn onígèlèdé ìlú náà ti jókòó ní ojúde tiwọn rí títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ó bá padà dé ilé, yóò sọ ohun tí ó rí. Àwọn agbẹ́gi yóò gbọ́, àwọn akọrin yóò gbọ́, tiwọn náà yóò sì tún dára sí i. Bí àṣà ṣe ń gbèrú nìyẹn. Gèlèdé tí kò ní àlejò láti ìta yóò máa tún ara rẹ̀ sọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn tí orúkọ ìlú wa ń rántí. Ìta-Ìjẹ̀bú, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ita-Djèbou, kò lè gbàgbé Ìjẹ̀bú, nítorí ó wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ó bá pe orúkọ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, èyí tí wọ́n so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ orúkọ Balógun Kúkù ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lóde òní, fọ́tò rẹ̀ ń kárí ayé: ẹṣin, aṣọ òfì, agbádá, ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i lórí fóònù, ẹ sì ń béèrè pé èéṣe tí tiwa kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ náà. Àwọn régbérégbé ni òpó rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí a fi ọdún ìbí pín, lábẹ́ ìṣírí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù keje ọdún 2025. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ tí yóò jáde kí ọba. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ń jó, àwọn yòókù ń wò ó. Nígbà tí ó bá kan àwọn yòókù, òun náà yóò jókòó wò wọ́n. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ òǹwòran lásán. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń ti Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù wá: kì í ṣe pé ó fẹ́ wo ìran nìkan, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń retí rẹ̀, àyè rẹ̀ yóò sì ṣófo bí kò bá dé. Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára Ojúde Ọba, ètò yìí ni kí a kọ́, kí a fi ẹṣin sílẹ̀ fún ìgbà tí apá wa bá ká a.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú èsúsú, tí àwọn ìyá wa lọ́jà kò fi ṣeré. Àwọn tí a kó lẹ́rú gbé e rékọjá òkun. Ní Trinidad, wọ́n ṣì ń pè é ní susu di òní olónìí. Ẹ ro ìbéèrè yìí: ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èsúsú, tí owó ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kí ni kò jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró? Orúkọ rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá dáwọ́ dúró, ẹnikẹ́ni kò ní gba òun sí ẹgbẹ́ mọ́. Ìlú tí àlejò kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ ọdún rẹ̀, tí kò sì lọ sí ti ẹnikẹ́ni, ti kó èsúsú tirẹ̀, ó sì ti dáwọ́ dúró.

Mo rí ẹ̀rí èyí nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Abomey-Calavi. Àwa ọmọ ìbílẹ̀ láti agbègbè yìí kò lówó lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń ra aṣọ fún wa. Síbẹ̀, ní àkókò ìsinmi, a ní ìlànà kan: bí ọdún bá kan ìlú ọ̀rẹ́ wa kan, gbogbo wa là ń lọ, bí ó bá kan ti ẹlòmíràn, gbogbo wa là tún ń lọ. Orí ẹní là ń sùn, ohun tí ìyá onílé bá sè là ń jẹ. Kò sí ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n yẹ ti òun. Nínú ìrìnàjò wọ̀nyẹn ni mo ti mọ ojú ọ̀nà láti Sakété dé Kétu, tí mo sì mọ orúkọ àwọn baálé tí n kì bá tí mọ̀ láéláé.

Àbẹ̀wò láàárín àwọn ìlú wa kò ṣàdédé rẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí ó fa ààlà sí àárín wa. Ẹbí kan náà bọ́ sí abẹ́ ìjọba méjì. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba Faransé sọ ọ̀pọ̀ ọba di olórí kántọ́ọ̀nù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó gba owó orí, kí ó sì kó ènìyàn jọ fún iṣẹ́ àfipáṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó, fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìhà méjèèjì ààlà wéra. Ọba tí a sọ di agbowó-orí kò ní àyè láti máa bẹ ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Ìjọba tí ó dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1972 ka oyè ìbílẹ̀ sí àjókù ayé àtijọ́. Lẹ́yìn Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 ni ẹnu àwọn ọba tún tó ọ̀rọ̀ ní gbangba. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Àjàṣẹ́ gba Sakété lọ sí Pobè pàápàá kò sí mọ́. Nígbà tí Nàìjíríà sì ti ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ìdí-Ìrókò kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí padà ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ó di 2022. Ìyípo kan tí a dá dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kò rọrùn láti tún bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ìbẹ̀wò kàn ti gbàgbé pé òun ló kàn.

Mo sọ ìtàn yìí kí a lè mọ̀ pé ohun tí àwọn ìjọba àti ààlà tú ká, kò sí ìjọba tí yóò bá wa so ó pọ̀. Ní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin tí ó fi ìlànà lélẹ̀ fún oyè ìbílẹ̀. Ó dára kí òfin mọ ọba. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé nìkan ni a fi ń mọ ọba. Ọba ni ẹni tí àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá kí, tí òun náà ń lọ kí wọn. Tí a mọ àyè rẹ̀ níbi ìjókòó, tí onílù sì mọ ohun tí yóò fi ìlù sọ nígbà tí ó bá ń wọlé. Ìlú kékeré bíi tiwa nílò èyí ju ìlú ńlá lọ. Bí àwọn aládùúgbò wa bá gbàgbé ojú wa, kí ni a ó fi ọwọ́ kàn tí a ó ní ogún wa nìyí?

Mo mọ àtakò tí yóò jáde. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rànyàn ni mo fẹ́ sọ ọ́ dà, pé ayọ̀ kò sí nínú ohun tí a jẹ ní gbèsè. Mo dá wọn lóhùn pé gbèsè yìí kì í tán ènìyàn lókun. Ẹni tí a ń retí ni ó ní ilé. Ẹni tí kò sí ẹni tí ń retí rẹ̀ ló di àlejò níbi gbogbo. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀sìn àwọn kò gba òrìṣà. Nínú ẹgbẹ́ wa, Mùsùlùmí wà, ọmọ Ìjọ wà, àwọn tí ó di ìṣẹ̀ṣe mú sì wà. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọ igbó orò tàbí kí ó jẹ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Ìkíni ọba ní gbangba ni mo ń sọ. Ojúde Ọba fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iléyá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ìjẹ̀bú sì ń bá ẹgbẹ́ wọn jáde. Àwọn mìíràn yóò ní owó ọkọ̀ pọ̀, epo wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a máa kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ sí ibì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, kí a wá pa ibi mẹ́rin yòókù tì.

Nítorí náà, èyí ni àbá mi. Èkínní, kí ẹgbẹ́ ra ìwé kan, kí a pè é ní ìwé àbẹ̀wò. Ní apá kan, kí a kọ ìlú àti ẹgbẹ́ tí ó wá bá wa, ọjọ́ tí wọ́n wá àti orúkọ ẹni tí ó ṣáájú wọn. Ní apá kejì, ibi tí àwa lọ. Iṣẹ́ ìjọba tí mo ṣe títí mo fi gba ìfẹ̀yìntì kọ́ mi pé gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀ ni gbèsè tí a kì í san. Kí akọ̀wé ka ìwé náà sókè ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wa mọ ẹni tí a jẹ.

Èkejì, kí àbẹ̀wò jẹ́ ti ènìyàn méje, kí méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ènìyàn méje wọ ọkọ̀ kan. Ènìyàn méje kò ní da ilé onílé rú. Kí aṣọ ẹgbẹ́jọdá má ṣe jẹ́ dandan. Aṣọ tí ó mọ́, tí ó sì bọ̀wọ̀ fún ààfin, tó.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣe ètò ọjọ́ bí àwọn baba wa ti ṣe ètò ọjà. Ọjà ìlú méjì tí ó súnmọ́ra kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà, kí aláte kan lè ná méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọdún wa ń ṣubú lu ara wọn ní òpin oṣù kejìlá, nígbà tí olúkúlùkù ń retí àwọn ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè. Kí àwọn ẹgbẹ́ agbègbè Sakété àti Pobè jókòó pa pọ̀ pín ọjọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ó lọ padà wá ròyìn. Kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan bọ̀: orúkọ ilé kan àti ìtumọ̀ rẹ̀, ìtàn kan lẹ́nu àgbà kan, tàbí oríkì kan tí kò gbọ́ nílé rí. Ẹni tí ó bá mú nǹkan bọ̀ yóò fẹ́ tún lọ, ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò sì ní òun ló kàn.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Èkó, ní Paris àti ní ibi gbogbo, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. A mọ rírì owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ó ti tún orùlé ṣe, ó sì ti gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n nínú àáró, ẹni tí ó fi owó rọ́pò ara rẹ̀ títí ayé kò sí nínú àáró náà mọ́. Nígbà tí ẹ bá wálé, ẹ má ṣe ti pápákọ̀ òfurufú wá sí àtíbàbà wa, kí ẹ sì ti àtíbàbà wa padà sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ bá wa lọ kí ìlú méjì mìíràn. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìlú wọn ní ẹnu ará ìlú mìíràn. Ọmọ tí a kí káàbọ̀ ní ìlú mẹ́ta nítorí ilé baba rẹ̀, kò tún sí ẹni tí yóò ṣe àlàyé fún un pé ilé náà ṣe pàtàkì.

Ìpàdé wa tí ń bọ̀ kò jìnnà. Kí a tó jíròrò lórí aṣọ àti oúnjẹ, mo bẹ ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ pé kí ẹ kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè kan: ìlú wo ló wá bá wa ṣe ọdún èṣí, tí a kò tíì lọ kí? Kí a dárúkọ wọn, kí a yan ènìyàn méje, kí a sì dá ọjọ́.

Kí Elédùmarè dá ẹ̀mí àwọn ọba wa sí, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀nà tí ó wà láàárín àwọn ìlú wa má ṣe dí mọ́ wa. Àṣẹ.